Bí A Ṣe Ń Gba Orin Ojú Agbo Sílẹ̀ Láti Inú Míksà Gbọ̀ngàn

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ki wáyà bọ míksà gbọ̀ngàn (ẹ̀rọ tó ń po ohùn máíkì àti ohun èlò orin pọ̀ kó tó lọ sí sípíkà), tó sì gba odidi eré sílẹ̀, máa ń rò pé ohun tí òun gbọ́ níbi tí òun dúró sí ni yóò wà nínú rẹ́kọ́dà. Tó bá délé tó tẹ̀ ẹ́, ohùn akọrin á gba gbogbo ibẹ̀ kan bí ẹni pé ó ń kọrin sí i létí. Ìlù á máa dún lẹ́yìn bí ìgbà tí ọmọdé ń lu páálí, gìtá á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀, àtẹ́wọ́ èrò á sì dà bíi pé yàrá kejì ló ti ń wá. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó bàjẹ́. Míksà ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ bó ṣe yẹ ni.

Iṣẹ́ míksà nínú gbọ̀ngàn ni láti fi kún ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ìlù àti gìtá tó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ lórí ìtàgé ti ń dún dé ọ̀dọ̀ èrò láìní ìrànlọ́wọ́, nítorí náà bíńtín ni onímíksà máa fi sí sípíkà nínú wọn, ìgbà mìíràn kò ní fi sí i rárá. Akọrin ni kò lè pariwo ju ìlù lọ, òun ni wọ́n á gbé ga. Bí yàrá bá ṣe kéré tó ni ìyàtọ̀ yìí ṣe máa ń pọ̀ tó. Ní pápá ìṣeré ńlá, gbogbo nǹkan ló ń gba inú sípíkà kọjá, ohun tó ń jáde látinú míksà á sì sún mọ́ ohun tí èrò gbọ́. Ní yàrá tó gba 100 èèyàn, ó lè jẹ́ ohùn akọrin àti kíbọ́ọ̀dù nìkan ni ẹ máa gbé lọ sílé. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a máa sọ níbí dá lórí bí ẹ ṣe máa rí ohun tí yàrá kò béèrè lọ́wọ́ míksà gbà padà.

Àṣẹ ló ṣáájú

Àṣẹ méjì ni ẹ nílò. Èkíní jẹ́ ti olórin tàbí ẹni tó ń ṣojú fún un. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Rome lọ́dún 1961 gbà pé olórin lè kọ̀ kí wọ́n gba eré òun sílẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ olórin kan wà ní Amẹ́ríkà nígbà kan, Grateful Dead, tó ya àyè kan sọ́tọ̀ láti 1984 fún àwọn tó fẹ́ gba eré wọn sílẹ̀. Àyè máíkì nìyẹn ṣá o, kì í ṣe àyè wáyà sínú míksà. Ẹni tó gbà kí ẹ gbé máíkì wọlé lè máà gbà kí ẹ fọwọ́ kan míksà.

Àṣẹ kejì jẹ́ ti onímíksà fúnra rẹ̀. Ẹ kàn sí i kí ọjọ́ eré tó pé, kí ẹ bi í pé ihò wo ló ṣófo, irú ẹnu wo ló ní, àti bóyá míksà rẹ̀ lè gba ohùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ dé kí àyẹ̀wò ohùn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dé nígbà tí èrò ti ń wọlé, tó wá ń wá ihò kiri lẹ́yìn míksà, ìṣòro ló jẹ́ fún onímíksà, wọ́n sì máa lé e padà. Ẹ má fọwọ́ ara yín ki wáyà bọ ibì kankan láìjẹ́ pé onímíksà rí yín. Wáyà tí wọ́n kì sí ihò tí kò yẹ lè mú kí sípíkà gbogbo gbọ̀ngàn hó gbàù.

Ihò wo ni kí ẹ béèrè?

Main L/R, ìyẹn ihò òsì àti ọ̀tún tó ń bọ́ sípíkà ńlá, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, òun náà sì ni àléébù rẹ̀ pọ̀ jù. Gbogbo ohun tí onímíksà bá fi tún yàrá ṣe, irú bíi gígé ohùn tó ń hó padà, á wọ inú ohun tí ẹ gbà. Bí wọ́n bá ń fi Aux kan pàtó (ọ̀nà àbájáde mìíràn tó ní àpòpọ̀ tirẹ̀) bọ́ sípíkà báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ inú Main á fẹ́lẹ́ ju bí ẹ ṣe gbọ́ ọ nínú yàrá lọ. Ẹ tún béèrè bóyá míksì náà pín sí òsì àti ọ̀tún lóòótọ́: ibi púpọ̀ ni wọ́n ti ń lo ẹyọ kan fún gbogbo sípíkà.

Rec Out tàbí Tape Out máa ń wà lára míksà kékeré. Ihò RCA méjì ni (irú ihò kékeré roboto tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n), ohun kan náà tó wà ní Main ló ń gbé jáde, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré, èyí tó bá rẹ́kọ́dà kékeré mu. Lára míksà kan, fédà Main (bọ́tìnnì tí wọ́n ń fà sókè sódò láti yí ìwọ̀n ohùn) máa ń darí rẹ̀. Lára òmíràn, kì í darí rẹ̀. Ẹ ní kí onímíksà gbé fédà náà lọ sókè sódò kí ẹ tó gbà pé ẹ mọ̀.

Matrix dára ju méjèèjì lọ bó bá wà. Ó ń mú Main, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n ohùn tirẹ̀, lára míksà dígítà ó sì sábà máa ń ní EQ tirẹ̀ (ohun tí wọ́n fi ń dín ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ kù tàbí fi kún un), nítorí náà ohun tí ẹ bá yí níbẹ̀ kò ní kan sípíkà.

Èyí tí a máa ń béèrè fún ní yàrá kékeré ni Aux méjì, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé ẹ lè po orin náà fún etí ẹni tó máa gbọ́ ọ nílé: ẹ din ohùn akọrin kù, ẹ fi kún ìlù, ẹ fi kún gìtá. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sí nínú míksà kò ṣeé fi kún. Bí kò bá sí máíkì níwájú ẹ̀rọ gìtá, ẹ bẹ onímíksà kó gbé ọ̀kan síbẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀kan sókè ìlù, ní nǹkan bíi mítà 1 sí orí rẹ̀. Kí ó yọ àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí (ọ̀nà tí máíkì kọ̀ọ̀kan ń gbà wọ míksà) kúrò ní Main, kó sì gbé fédà wọn sókè. Yàrá kò ní gbọ́ wọn, rẹ́kọ́dà yín máa gbọ́ wọn. Ẹ ní kí ó fi Aux náà sí Post (lẹ́yìn fédà), kí ohùn máa tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó bá gbé gìtá ga fún àdákọ. Bí ẹ bá fi sí Pre (ṣáájú fédà), ohun tí ẹ tò nígbà àyẹ̀wò ló máa wà bẹ́ẹ̀ títí eré á fi parí, máíkì tí wọ́n fa fédà rẹ̀ sílẹ̀ á sì ṣì máa gbé òfófó ìtàgé wá fún yín.

Ẹ yẹra fún ihò hẹ́dífóònù. Ìgbàkígbà tí onímíksà bá tẹ bọ́tìnnì Solo tàbí PFL láti gbọ́ ṣánẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn nìkan ni rẹ́kọ́dà yín máa gbà. Bó bá fẹ́ gbọ́ máíkì ìlù fún ìṣẹ́jú 2, ìlù nìkan ni yóò wà nínú orin yín fún ìṣẹ́jú 2, kò sì sí oògùn rẹ̀.

Wáyà

Ihò tó ń gbé ohùn jáde lára míksà ńlá sábà máa ń jẹ́ XLR akọ (ẹnu ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú ti máíkì). Orí abo wáyà ló máa wọ míksà, orí akọ á wọ rẹ́kọ́dà. Mítà 3 sí 5 tó, bí ẹ bá máa dúró nítòsí míksà. Ẹ kó tiyín dání: XLR méjì, TRS 6.35 mm (jáàkì ńlá tó ní ibi ìfarakàn mẹ́ta) sí XLR méjì, RCA sí 6.35 mm méjì, àti àfikún ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé wáyà gbọ̀ngàn, ìtàgé ni wọ́n ti máa nílò rẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tó ti ba odidi eré jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀. Ihò TRS tó jẹ́ balanced ń gbé ohùn kan ṣoṣo jáde lórí wáyà méjì: bí ọ̀kan ṣe ń tì, ni èkejì ń fà. Rẹ́kọ́dà kékeré tó ní ihò 3.5 mm máa ka wáyà méjì yẹn sí òsì àti ọ̀tún. Lórí hẹ́dífóònù, ẹ máa gbọ́ nǹkan, ó kàn máa ṣàjèjì létí, bí ẹni pé orin ò ní àárín. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fi fóònù tó ní sípíkà kan gbọ́ ọ, òsì àti ọ̀tún á pa ara wọn rẹ́, orin á pòórá. Nítorí náà, ẹ má ki TRS balanced tààrà bọ ihò 3.5 mm. Bí ẹ bá ti ṣe é, ó ní àtúnṣe: lórí kọ̀ǹpútà, ẹ pa apá kan rẹ́, kí ẹ fi ẹ̀dà apá kejì rọ́pò rẹ̀.

Kí wáyà tó wọlé, ẹ rí i pé 48 V lára rẹ́kọ́dà yín wà ní pípa. Iná tí wọ́n fi ń bọ́ máíkì ni; kò ní iṣẹ́ lẹ́yìn míksà, ó sì lè ṣe ihò míksà ẹlòmíràn ní jàǹbá. Kí ihò rẹ́kọ́dà náà wà ní Line (fún ohùn tó ti lágbára), kì í ṣe Mic (fún máíkì).

Bí ẹ bá gbọ́ ohùn tó ń kùn ùùù láìdúró, tí kì í lọ sókè tàbí sódò pẹ̀lú orin, ground (wáyà ilẹ̀ iná) ló ń yí po láàárín ẹ̀rọ méjèèjì. Ẹ kọ́kọ́ yọ rẹ́kọ́dà kúrò lára iná, kí ẹ fi bátìrì lò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ló máa tán sí. Bí kò bá tán, ẹ fi transformer 1:1 (tó ń gbé ohùn kọjá láìjẹ́ kí iná wọn kanra) sáàárín míksà àti rẹ́kọ́dà. Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ ground kúrò lára plọ́ọ̀gì iná kankan láéláé; ó lè pa èèyàn.

Ìwọ̀n ohùn

Ibí ni eré púpọ̀ ti máa ń bàjẹ́. dB ni wọ́n fi ń ka agbára ohùn; dBu àti dBV jẹ́ ọ̀nà méjì láti fi ka iná tó ń gbé ohùn. Míksà ńlá ń ṣiṣẹ́ ní +4 dBu, ìyẹn 1.23 V. Rẹ́kọ́dà kékeré ń retí −10 dBV, ìyẹn 0.316 V. Ìyàtọ̀ wọn tó dB 12. Bí eré bá sì gbóná, ihò míksà lè dé +24 dBu, èyí tó ju 12 V lọ. Ihò rẹ́kọ́dà kékeré kò lè gba ìyẹn mọ́ra, orí ohùn á gé kó tó kan gain (ohun tí ẹ fi ń yí ìwọ̀n ohùn tó ń wọlé) rárá.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí. Bí ẹ bá fa gain sílẹ̀, tí mítà rẹ́kọ́dà (tó ń fi ìwọ̀n ohùn hàn ní dB, tí 0 jẹ́ òkè pátápátá) fi −6 hàn, síbẹ̀ tí ohùn ṣì ń ya, tí orí àwòrán rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì, ẹnu ọ̀nà ló ti ya. Gain tí ẹ fà sílẹ̀ kàn sọ ohùn tó ti ya di kékeré ni. Ẹ ní kí onímíksà din ohun tó ń jáde ní Aux tàbí Matrix yín kù ní dB 10, tàbí kí ẹ fi pad dB 20 (ohun kékeré tó ń dín agbára ohùn kù) sára wáyà. Rẹ́kọ́dà 32-bit float (irú èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ nílò gain tító) náà kò bọ́ nínú èyí: ó lè gba yín lọ́wọ́ gain tí ẹ ṣì tò, ṣùgbọ́n kò lè gba yín lọ́wọ́ iná tó ju ohun tí ihò rẹ̀ lè gbà lọ.

Ẹ fi sí WAV, 24-bit, 48 kHz. Ẹ pa gain aláìfọwọ́yí, ìyẹn AGC, pátápátá. Bí orin bá rọlẹ̀, ńṣe ló máa fa ariwo yàrá sókè. Nígbà àyẹ̀wò ohùn, kí ìró tó ga jù dé nǹkan bíi −18. Olórin kì í lo gbogbo agbára rẹ̀ níwájú àga òfìfo. Bí èrò bá dé, ohun gbogbo máa ga, dB 6 kò sì ṣọ̀wọ́n. Nígbà eré, bí ìró tó ga jù bá wà láàárín −12 àti −6, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. 24-bit ní àyè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn tó wà nísàlẹ̀ díẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan, èyí tó ya kò sì ní àtúnṣe.

Máíkì fún èrò

Míksà kò gbọ́ èrò. Òun kò sì gbọ́ yàrá, èyí tó jẹ́ ìdajì adùn orin ojú agbo. Máíkì méjì tó jẹ́ cardioid (tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ) tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ lè gbé wọn sí etí ìtàgé, ní òsì àti ọ̀tún, kí wọ́n kọjú sí èrò, kí sípíkà ńlá sì wà níwájú wọn, kó má baà máa pariwo sí wọn lójú. Wọ́n á gbé àtẹ́wọ́ àti orin àjùmọ̀kọ dáadáa. Ibòmíràn ni ibi tí míksà wà: ibẹ̀ ń fún yín ní ohùn yàrá gẹ́gẹ́ bí èrò ṣe gbọ́ ọ, ìlù àti gìtá ìtàgé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nítòsí yín á wà nínú rẹ̀ títí ayé.

Àkókò ni ìṣòro ibẹ̀. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1, ìyẹn ni pé mítà kọ̀ọ̀kan ń jẹ tó 2.9 ms (ms jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Máíkì tó jìnnà sí sípíkà ní mítà 20 máa gbọ́ orin lẹ́yìn míksà pẹ̀lú 58 ms. Bí ẹ bá pò wọ́n bẹ́ẹ̀, ìlù kan á dún lẹ́ẹ̀mejì. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá ibi tí ìlù ti dún nìkan, kí ẹ sún ohùn máíkì sápá òsì títí àmì méjèèjì á fi bára mu. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 120 Hz kúrò lára máíkì, nítorí báàsì yàrá ló máa ń ba báàsì míksà jẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú máíkì ní dB 8 sísàlẹ̀ míksà, kí ẹ gbé e ga láàárín orin sí orin. Nínú yàrá kékeré, ó lè yí padà pátápátá, kí máíkì jẹ́ ìpìlẹ̀, kí míksà kàn máa mú ohùn akọrin mọ́. Àwọn tó ń ṣe àkójọ eré máa ń pe àpòpọ̀ yìí ní matrix. Kì í ṣe ihò Matrix ara míksà ni wọ́n ń sọ.

Rẹ́kọ́dà kan tó ní ihò 4 ló dára jù. Bó bá jẹ́ rẹ́kọ́dà méjì, aago inú wọn kò ní bára mu: ìyàtọ̀ tó kéré bíi 10 nínú mílíọ̀nù kan ń di 36 ms ní wákàtí 1. Orin àkọ́kọ́ á bára mu, èyí tó kẹ́yìn á sì ya. Ẹ wá ìlù kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òmíràn ní ìparí, kí ẹ fi na ọ̀kan títí á fi bá èkejì mu.

Bí míksà bá lè gba ṣánẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan

Ọ̀pọ̀ míksà dígítà lè fún yín ní ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ wá po orin nílé. Behringer X32 tó ní káàdì USB ń gbé ṣánẹ́ẹ̀lì 32 lọ sí kọ̀ǹpútà; èyí tó ní káàdì X-Live ń kọ wọ́n sórí káàdì SD láìsí kọ̀ǹpútà. Ẹ ní kí wọ́n mú ohùn náà látibi tó ṣáájú EQ, compressor (tó ń rẹ ohùn tó ga jù sílẹ̀) àti fédà, kí ohun tí onímíksà ń ṣe fún yàrá má wọ inú tiyín. Gain nìkan ni kò ṣeé sá fún: bó bá yí i láàárín orin, ẹ máa rí i.

Àyè káàdì ni kí ẹ ṣírò dáadáa. Òsì àti ọ̀tún nìkan, ní 24-bit àti 48 kHz, ń jẹ nǹkan bíi GB 1 ní wákàtí kan. Ṣánẹ́ẹ̀lì 32 ń jẹ GB 16.6. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni ẹ lò, ẹ ki wáyà USB bọ ara rẹ̀ tààrà láìgba hub kọjá, ẹ pa Wi-Fi, ẹ má jẹ́ kó sùn, ẹ má jẹ́ kó ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Buffer (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohùn jọ sí kó tó kọ ọ́) 1024 kò burú, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ara rẹ̀ látinú rẹ̀. Kí aago míksà jẹ́ ọ̀gá, kí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa gbọ́ ìró tá-tá-tá káàkiri. Ẹ gba ṣánẹ́ẹ̀lì gbogbo sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn rẹ̀

Inú rẹ́kọ́dà ni kí ẹ ti fọ káàdì mọ́, ẹ má kàn pa fáìlì rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Bátìrì tuntun ni kó wọlé, kí òmíràn wà lápò. Ẹ tẹ rẹ́kọ́dì ní ìṣẹ́jú 5 ṣáájú, ẹ wo nọ́ńbà àkókò bóyá ó ń rìn: rẹ́kọ́dà púpọ̀ ń fẹ́ kí ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, ti àkọ́kọ́ kàn ń mú un dúró de yín ni, mítà á sì máa jó bí ẹni pé iṣẹ́ ń lọ. Ẹ fi hẹ́dífóònù gbọ́ òsì nìkan, lẹ́yìn náà ọ̀tún nìkan. Ẹ tún ní kí onímíksà yọ Talkback kúrò lára ohun tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ yín, kí ọ̀rọ̀ tó ń bá àwọn ará ìtàgé sọ má di ara orin.

Bí rẹ́kọ́dà yín bá ń pín fáìlì ní GB 2, ohùn apá méjì máa pín ní bíi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 4. Ẹ má bẹ̀rù, kò sí ohun tó sọ nù. Ẹ kàn so wọ́n pọ̀ láìfi àlàfo sílẹ̀.

Lẹ́yìn orin ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kó máa gbà títí àtẹ́wọ́ á fi tán. Ẹ tẹ Stop, ẹ dúró kó kọ fáìlì náà tán, kí ẹ tó pa á. Bí bátìrì bá kú láàárín, orí fáìlì WAV lè máà pé, kọ̀ǹpútà á sì máa fi òdo hàn. Rẹ́kọ́dà kan náà lè tún un ṣe bí ẹ bá dá káàdì padà sínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má fọ káàdì yẹn. Ẹ bi onímíksà bóyá kí ẹ yọ wáyà yín, ẹ dúró kó pa ohun tó yẹ kó pa.

Kí ẹ tó sùn, ẹ da fáìlì náà sí ibi méjì. Ẹ má ṣe àtúnṣe lórí ojúlówó. Ẹ ṣe é lórí ẹ̀dà, kí ìró tó ga jù dúró ní −1 dB, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ ní FLAC, tó ń dín ìwọ̀n fáìlì kù láìmú nǹkan kan kúrò nínú ohùn. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí olórin. Ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ sí onímíksà, kí ẹ sọ fún un ohun tó kéré jù níbẹ̀, báàsì ni o, ohùn àwọn elégbè ni o, kó lè kọ ìwọ̀n Aux yín sílẹ̀ de eré tó ń bọ̀.